Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Lè Sọ Nípa Ọpọlọ Àwọn Eléré Ìdárayá Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ní oṣù kìíní ọdún 2002, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Jeff Astle jáde láyé ní ilẹ̀ England ní ẹni ọdún 59. Agbábọ́ọ̀lù ni, ẹgbẹ́ West Bromwich Albion ni ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún gbá bọ́ọ̀lù fún. Ohun tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká ni bí ó ṣe mọ bọ́ọ̀lù fi orí kàn sínú àwọ̀n. Kí ó tó kú, iyè rẹ̀ ti rà pátápátá. Nígbà tí aláṣẹ tí ìjọba yàn láti wádìí okùnfà ikú gbé ọ̀ràn náà yẹ̀ wò, ìpinnu rẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí Astle ṣe jẹun ló yọrí sí ikú rẹ̀: bọ́ọ̀lù tó fi orí kàn láìmọye ìgbà ló ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, Mike Webster náà kú ní ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, ní ẹni 50 ọdún. Bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni òun ń gbá, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré, tí wọ́n sì ń fi ara àti orí kọlu ara wọn. Ọdún 17 ni ó fi ṣe iṣẹ́ náà, ó sì wà lára àwọn tó gba ife-ẹ̀yẹ tó ga jù lọ nínú eré náà nígbà mẹ́rin. Síbẹ̀, ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ tí kò dé ọjọ́ ogbó, ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé inú ọkọ̀ ni ó ń sùn. Dókítà tí ó yẹ òkú rẹ̀ wò jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, Bennet Omalu, ẹni tí a bí ní Nnokwa, ní Ìpínlẹ̀ Anambra òde òní, lọ́dún 1968, tí ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka. Bí a bá fi ojú lásán wo ọpọlọ Webster, kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀. Omalu kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n gé e sí pẹlẹbẹ tín-ín-rín, ó sì fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Ibẹ̀ ni ó ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀ rí nípa ẹni tó gbá irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀. Ó gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ lọ́dún 2005.

Ọ̀kan ni ọ̀ràn àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí. Wọ́n fi orí wọn jẹun, orí náà sì ni ó kọ́kọ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ohun mìíràn sì tún pa wọ́n pọ̀: ìgbà tí wọ́n kú tán ni a tó mọ ohun tó ṣe wọ́n. Àwọn ìyàwó àti ọmọ wọn fi ọ̀pọ̀ ọdún rí ìbínú òjijì, ìgbàgbé àti ìwà àjèjì, láìmọ orúkọ tí wọn yóò pè é. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń béèrè pé: ṣé a kò lè mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹni náà ṣì wà láàyè? Ṣé ẹ̀jẹ̀ tí a fà ní apá kò lè sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú orí? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

ÀRÙN TÍ A TI RÍ TIPẸ́TIPẸ́

Kì í ṣe òní ni àwọn oníṣègùn ti ń fura. Lọ́dún 1928, Dókítà Harrison Martland ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tí wọ́n ń rìn tàgétàgé, tí ahọ́n wọn ń lọ́, tí ìṣe wọn sì dà bí ti ẹni tó mutí yó, bẹ́ẹ̀ wọn kò fi ẹnu kan ọtí. Lọ́dún 1973, Corsellis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní England yẹ ọpọlọ àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò 15 tó ti fẹ̀yìn tì wò, wọ́n sì ṣàpèjúwe ìbàjẹ́ tí wọ́n rí níbẹ̀. Àmọ́ èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ọ̀ràn àwọn tí ń kan ẹ̀ṣẹ́ nìkan ni. Iṣẹ́ Omalu lórí ọpọlọ Webster ni ó fi hàn pé ọ̀ràn náà ti kọjá ibi ìjà ẹ̀ṣẹ́. Lọ́dún 2014, Dókítà Willie Stewart ti ìlú Glasgow tún ọpọlọ Jeff Astle yẹ̀ wò, ó sì rí àrùn kan náà níbẹ̀. Orúkọ tí àwọn oníṣègùn gé kúrú fún un ni CTE, èyí tó túmọ̀ sí àrùn ọpọlọ ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí ìfarapa ń fà.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an? Ọpọlọ rọ̀, inú omi ni ó sì wà nínú agbárí. Nígbà tí orí bá gba ìkọlù, agbárí a dúró lójijì, ṣùgbọ́n ọpọlọ tó wà nínú rẹ̀ a ṣì máa mì, a sì máa fà síwá sẹ́yìn. Inú ọpọlọ kún fún àwọn okùn tín-ín-rín tí àwọn sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Ìfàsíwá-sẹ́yìn yìí ni ó ń na àwọn okùn náà, tí ó sì ń já òmíràn nínú wọn. Nínú okùn kọ̀ọ̀kan ni èròjà kan wà tí ń jẹ́ tau, tí ó ń di ọ̀pá ìgbékalẹ̀ inú okùn náà mú kí ó má bàa wó. Bí okùn bá bàjẹ́, tau a tú kúrò ní àyè rẹ̀, a yí padà, a sì di ìdìpọ̀ tí kò wúlò mọ́. Nínú CTE, ìdìpọ̀ yìí a kọ́kọ́ gbá jọ yí àwọn òpójẹ̀ kéékèèké ká, ní ìsàlẹ̀ kòtò ibi tí ọpọlọ ti ká wọnú. Níbẹ̀ ni yóò ti máa tàn ká fún ọ̀pọ̀ ọdún, àní lẹ́yìn tí ẹni náà ti fi eré sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ kan síbí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Kì í ṣe ìkọlù tó dá ènìyàn kú nìkan ni ó léwu. Àwọn ìkọlù kéékèèké tí kò mú ẹnikẹ́ni ṣubú, tí eléré gbọn orí rẹ̀ lásán tí ó sì ń bá eré lọ, ni wọ́n ń kó jọ. Iye ọdún tí ènìyàn fi gba wọ́n ṣe kókó púpọ̀.

BÁWO NI OHUN INÚ ỌPỌLỌ ṢE Ń DÉ INÚ Ẹ̀JẸ̀?

Ẹlẹ́dàá ti fi odi yí ọpọlọ ká. Àwọn òpójẹ̀ tó gba inú ọpọlọ kọjá kò jẹ́ kí ohun gbogbo wọlé tàbí jáde bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ bá bàjẹ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ a dà sínú omi tó yí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ká, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì jò wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Tẹ́lẹ̀ rí, omi ọ̀pá ẹ̀yìn yìí nìkan ni a lè fi wádìí, abẹ́rẹ́ gígùn ni wọ́n sì fi ń fà á ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Ta ni yóò fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún? Ohun tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ kéré púpọ̀ débi pé ẹ̀rọ àtijọ́ kò lè rí i. Píkógírámù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́. Bí a bá pín gírámù kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, tí a sì tún mú ẹyọ kan nínú rẹ̀ tí a pín in sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan mìíràn, ẹyọ kan ṣoṣo nínú èyí tó kù ni píkógírámù kan. Láàárín nǹkan bí ọdún 15 sẹ́yìn ni àwọn ẹ̀rọ tuntun dé, tí wọ́n lè ka irú èròjà bẹ́ẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí a fà ní apá. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi gbilẹ̀ lásìkò wa.

ÀWỌN ÀMÌ MẸ́TA TÍ WỌ́N Ń WÁ

Èkíní ni neurofilament light, tí wọ́n ń pè ní NfL. Ó jẹ́ ara egungun, bí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀, tó mú okùn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ nà ró. Bí okùn bá já, NfL a bọ́ sínú omi ọpọlọ, a sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, bí NfL bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń sọ fún wa pé okùn ń já níbì kan.

Èkejì ni GFAP. Inú àwọn sẹ́ẹ̀lì olùrànlọ́wọ́ tí ń tọ́jú àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ yòókù ni ó ti ń wá. Nígbà tí ìfarapa bá ṣẹlẹ̀, àwọn olùrànlọ́wọ́ yìí ni wọ́n kọ́kọ́ ń ta jí, GFAP a sì pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Lọ́dún 2018, àjọ tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tí ń wo GFAP àti èròjà kejì tí ń jẹ́ UCH-L1, láàárín wákàtí 12 lẹ́yìn tí ènìyàn bá fi orí gbá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ran dókítà lọ́wọ́ láti mọ̀ bóyá ó yẹ kí a ya àwòrán inú orí ẹni náà tàbí kò yẹ.

Ẹ̀kẹta ni tau fúnra rẹ̀, pàápàá irú rẹ̀ tó ti yí padà, tí wọ́n ń pè ní p-tau217. Èyí ni ó gbajúmọ̀ jù láàárín àwọn tí ń wádìí àrùn Alzheimer, èyí tí í ṣe àrùn iyè-ríra tó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn àgbàlagbà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, àjọ Amẹ́ríkà kan náà fọwọ́ sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ tí ń lo p-tau217 láti ran dókítà lọ́wọ́ láti dá Alzheimer mọ̀ lára àgbàlagbà tí àmì àìsàn ti hàn lára rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí èyí tí a fọwọ́ sí fún CTE nínú àwọn àyẹ̀wò méjì tí a mẹ́nu bà yìí. Èkíní wà fún ìfarapa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, èkejì wà fún Alzheimer.

OHUN TÍ ÌWÁDÌÍ TI FI HÀN

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ewu náà ti tó. Lọ́dún 2019, Dókítà Stewart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù Scotland 7,676 tó ti fi bọ́ọ̀lù jẹun rí, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn ará ìlú 23,028 tí ọjọ́ orí wọn bá ti wọn mu. Nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù, 1.7 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn tí ń jẹ ọpọlọ run ṣe ikú pa. Nínú àwọn ará ìlú, 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ tán, ewu àwọn agbábọ́ọ̀lù jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwádìí tó tẹ̀ lé e lọ́dún 2021 fi hàn pé ewu àwọn aṣọ́lé kò ju ti ará ìlú lọ, nígbà tí ewu àwọn agbẹ̀yìn, àwọn tí ń fi orí kan bọ́ọ̀lù jù, ga ju ti gbogbo wọn lọ. Lọ́dún 2022, ìwádìí lórí àwọn 412 tó gbá rọ́gíbì fún Scotland rí i pé ewu àrùn ọpọlọ tiwọn jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po méjì àti ààbọ̀.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ apá kejì ọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Scotland wọ̀nyẹn kò tètè kú ikú àrùn ọkàn bí àwọn ará ìlú. Eré ìdárayá ń ṣe ara lóore. Ìkọlù orí ni ọ̀tá.

Ní Yunifásítì Boston, níbi tí wọ́n ti ń gba ọpọlọ tí àwọn ìdílé fi tọrẹ, wọ́n kéde lọ́dún 2023 pé àwọn ti rí CTE nínú ọpọlọ 345 lára 376 àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì ńlá Amẹ́ríkà, NFL. Iye yìí ń dẹ́rù bani, àmọ́ àwọn onímọ̀ náà fúnra wọn kìlọ̀ pé kí a má ṣi í lóye. Ìdílé tó ti rí ìyọnu ni ó ń fi ọpọlọ tọrẹ jù. A kò lè tìtorí rẹ̀ sọ pé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá gbogbo eléré NFL ni ó ní àrùn náà.

Nípa ti ẹ̀jẹ̀, àwọn onímọ̀ ní Sweden ni wọ́n la ọ̀nà. Lọ́dún 2006, wọ́n fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tí kò fi ìjà jẹun, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n jà tán. NfL pọ̀ gan-an nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sinmi fún oṣù mẹ́ta, ó lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tuntun jẹ́ kí wọ́n rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀kọ́ méjì wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ìjà kan ṣoṣo lè ṣe ọpọlọ léṣe bí ẹni náà kò tilẹ̀ dákú. Èkejì, ìsinmi ní èrè.

Lọ́dún 2025, àwọn onímọ̀ ní ìlú London gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí 200 àwọn tó ti gbá rọ́gíbì ní ipò gíga rí, tí ọ̀pọ̀ wọn kò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tí wọ́n rí i pé ó ti ní àrùn iyè-ríra. Síbẹ̀, p-tau217 ga nínú ẹ̀jẹ̀ nǹkan bí 23 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ǹjẹ́ èyí túmọ̀ sí pé àrùn ń bọ̀ lọ́nà fún wọn? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ọdún tó ń bọ̀, bí wọ́n ti ń tẹ̀ lé àwọn eléré náà.

OHUN TÍ Ẹ̀JẸ̀ KÒ TÍÌ LÈ SỌ

Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, nítorí pé ibẹ̀ ni àṣìṣe ti lè ná ènìyàn ní owó àti ìbàlẹ̀ ọkàn.

Lákọ̀ọ́kọ́, NfL ń sọ pé okùn ń já. Kò sọ ohun tó ń já a. Àrùn rọpárọsẹ̀, àrùn iṣan àti ọjọ́ ogbó lásán lè mú un ga. Ó dà bí èéfín tí a rí lókèèrè: a mọ̀ pé iná ń jó, a kò mọ̀ bóyá oko ni tàbí ilé.

Lọ́nà kejì, bí àmì náà bá wà ní ìwọ̀n tó yẹ, kò tó láti fi sọ pé ewu ti kọjá. A ti rí i pé NfL ń lọ sílẹ̀ bí ènìyàn bá sinmi. Ẹni tó fi eré sílẹ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn lè ní ẹ̀jẹ̀ tó mọ́, nígbà tí tau ṣì ń rìn jẹ́jẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀.

Lọ́nà kẹta, p-tau217 mọ Alzheimer dáadáa, nítorí pé èròjà kan tí ń jẹ́ amyloid, tó ń gbá jọ nínú ọpọlọ nígbà Alzheimer, ni ó máa ń bá rìn. CTE kò nílò amyloid kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, eléré kan lè ní CTE kí p-tau217 rẹ̀ má ga, òmíràn sì lè ní p-tau217 tó ga nítorí Alzheimer tí kò bá eré tan.

Lọ́nà kẹrin, títí di òní, yíyẹ ọpọlọ wò lẹ́yìn ikú ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi lè sọ láìṣiyèméjì pé CTE ni. Lọ́dún 2021, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ìlànà kalẹ̀ tí dókítà lè fi wo àmì ara ẹni tó ṣì wà láàyè, ìyẹn ìtàn ìkọlù tó gbà, ìgbàgbé rẹ̀ àti bí ìwà rẹ̀ ṣe yí padà. Ìfura ni ìlànà náà lè fi múlẹ̀. Kò tó ẹ̀rí pátápátá.

IBI TÍ Ọ̀RÀN NÁÀ TI KÀN WÁ

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2015, ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àdéhùn kan tó ní kí NFL san owó fún àwọn eléré tó ti fẹ̀yìn tì tí ọpọlọ wọn ti bàjẹ́. Láti mọ ẹni tí owó tọ́ sí, wọ́n fi ìdánwò ìrántí àti ìmọ̀ wò wọ́n. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí wọ́n lò gbà pé agbára ọpọlọ aláwọ̀ dúdú ti kéré sí ti aláwọ̀ funfun láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ohun tó yọrí sí ni pé aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun lè gba máàkì kan náà, kí a sọ fún ọ̀kan pé àìsàn ṣe é, kí a sì sọ fún èkejì pé bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn. Lọ́dún 2020, Kevin Henry àti Najeh Davenport, àwọn eléré dúdú méjì tó ti fẹ̀yìn tì, gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, NFL ṣèlérí láti pa ìwọ̀n náà tì.

Ẹ̀jẹ̀ kò mọ àwọ̀ ara, èyí sì jẹ́ ìdí kan tí a fi ń retí àyẹ̀wò rẹ̀. Àmọ́ ènìyàn ni ó ń pinnu iye tí a ó pè ní púpọ̀ àti iye tí a ó pè ní kékeré, lára àwọn tí wọ́n bá sì wádìí ni wọ́n ti ń mú ìwọ̀n náà. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn wọ̀nyẹn jẹ́ ará Yúróòpù àti aláwọ̀ funfun Amẹ́ríkà. Bí kídìnrín ènìyàn kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, NfL àti p-tau rẹ̀ lè ga láìjẹ́ pé ọpọlọ ní àrùn. Sísanra pẹ̀lú lè mú kí NfL dín kù nínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín àwa tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn kídìnrín wọ́pọ̀ láàárín wa, ìwọ̀n tí a mú láti ibòmíràn lè ṣini lọ́nà.

Ìlú Ìbàdàn ti fi èyí hàn rí lọ́nà mìíràn. Láti ọdún 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ìbàdàn bá àwọn ará Indianapolis ní Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí àrùn iyè-ríra. Lọ́dún 2001, wọ́n kéde àbọ̀ ohun tí wọ́n rí lára àwọn Yorùbá 2,459 ní Ìbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú 2,147 ní Indianapolis, tí gbogbo wọn ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dọọdún, 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Ìbàdàn ni ó ń ní àrùn iyè-ríra, bẹ́ẹ̀ 3.24 ni ní Indianapolis. Wọ́n tún rí i pé àbùdá kan tó máa ń bá Alzheimer rìn lára àwọn ẹ̀yà mìíràn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lára àwọn Yorùbá. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé a kò gbọdọ̀ fi ara ẹlòmíràn wọn ara wa. Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yìí yóò bá wúlò fún àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò àti agbábọ́ọ̀lù tiwa, àwa náà gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí a wádìí.

OHUN TÓ YẸ KÍ A ṢE

Kí ni kí ìdílé ṣe nígbà tí bàbá tó ti jẹ́ eléré rí bá ń gbàgbé orúkọ ọmọ, tí ó ń bínú láìnídìí, tí ó ń ná owó bí ẹni tí kò mọ iye rẹ̀, tàbí tí ó ń rìn tàgétàgé?

Ẹ má ṣe kánjú sọ pé aráyé ló ń ṣe é, ẹ má sì sọ pé ó ń ya òǹrorò. Ẹ mú un lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà, kí ẹ sì sọ ìtàn eré rẹ̀ fún dókítà náà: ọdún mélòó ni ó fi ṣe é, ìgbà mélòó ni ó dákú. Ọ̀pọ̀ ohun tó ń ba ìrántí jẹ́ ni ó ní ìtọ́jú: ìsoríkọ́, àìróorunsùn, àìtó fítámì B12 nínú ara, àìsàn ẹṣẹ́ ọrùn tí ń jẹ́ tọ́rọ́ìdì, ẹ̀jẹ̀ ríru, àti oògùn tí ènìyàn ń lò láìtọ́. Ẹ má ṣe fi owó ra àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ara yín kí ẹ sì máa fi ojú ara yín túmọ̀ rẹ̀. Iye kan lórí ìwé, láìsí dókítà tó mọ ẹni náà, lè kó ìpayà bá ilé tí kò sí ewu, tàbí kí ó fi ọkàn ẹni tó wà nínú ewu balẹ̀.

Lóòótọ́, kò tíì sí oògùn tó ń wo CTE sàn. Ṣùgbọ́n àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ sọ lọ́dún 2024 pé ohun 14 ni ó wà tí ènìyàn lè yí padà láti dín ewu iyè-ríra kù, ìfarapa orí sì wà lára wọn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, etí dídi, sìgá mímu àti dídá wà. Eléré tó ti gba ìkọlù kò lè dá ìkọlù náà padà, ṣùgbọ́n ó lè tọ́jú ìyókù.

Sí ẹ̀yin òjíṣẹ́ àti olórí ẹgbẹ́ nínú ìjọ, a ní ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tí ń ṣàìsàn bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ pàdánù ọ̀rẹ́ kí ó tó pàdánù ìrántí, nítorí pé ìwà rẹ̀ ń lé ènìyàn sá. Ẹ máa bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má ṣe ní kí ó fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Àdúrà àti oògùn kò bá ara wọn jà. Ẹ sì rántí ìyàwó rẹ̀, ẹni tí kò sùn lóru, tí ìtìjú kò sì jẹ́ kí ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Wákàtí méjì tí ẹnì kan bá a jókòó ti ọkọ rẹ̀ kí òun náà lè sinmi lè ṣe é lóore ju ìwàásù lọ.

Sí ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tí ń kọ́ ọmọdé ní eré ìdárayá nílé ẹ̀kọ́ wa: lọ́dún 2015, àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà pinnu pé kí ọmọ ọdún 10 sí ìsàlẹ̀ má ṣe fi orí kan bọ́ọ̀lù mọ́. Lọ́dún 2020, àwọn ti England, Scotland àti Northern Ireland ní kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yé fi orí kàn án níbi ìgbáradì. Àwa náà lè ṣe èyí láìná kọ́bọ̀. Bí ọmọ bá fi orí gbá tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, kí ó kúrò ní pápá lójú ẹsẹ̀, kí ó má sì padà lọ́jọ́ náà, bí ó tilẹ̀ sunkún.

Àwọn àgbà sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. A kò sọ pé kí a pa eré ìdárayá run. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a dín ìkọlù kù, kí a tètè kíyè sí àmì, kí a má sì pa àwọn tó ti fi orí wọn dá wa lára yá tì nígbà tí orí náà bá ń dà wọ́n láàmú. Ẹ̀jẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Kò tíì sọ tán, ṣùgbọ́n èyí tó ti sọ tó fún wa láti bẹ̀rẹ̀ ìṣọ́ra. Jeff Astle àti Mike Webster kò rí ẹni sọ orúkọ àìsàn wọn fún wọn nígbà ayé wọn. Kí ẹni tó kàn rí i.